Ẹlẹ́rìí ni Sinimá, Kì í Ṣe Adájọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó gbọ́ pé iná jó ọjà kò lè mọ bí iná náà ti rí tó ẹni tí ooru rẹ̀ rà lára. Lórí òye yìí ni àwọn baba wa gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kà. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú ọba àti ìjòyè, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí ni pé, ‘Ṣé ojú rẹ ni ó ṣe, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?’ Ẹni tí ó bá ní wọ́n sọ fún òun ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó bá ní ojú òun ni, a óò gbọ́ tirẹ̀ títí dé òpin.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1895 nǹkan kan dé sí ayé tí ó da ààlà tí ó wà láàrin ìròyìn àti àfojúbà rú. Ní ọdún náà ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ Lumière, fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ènìyàn ní Paris. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà kò ju ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú Lyon lọ. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rìn jáde, ajá kan ń sáré láàrin wọn, ó sì parí. Láti ìgbà náà wá ni ó ti ṣeé ṣe kí ẹni tí ó jókòó ní Ìbàdàn rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lyon, kí ó sì dìde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ojú òun ni ó ṣe. Ǹjẹ́ ojú rẹ̀ ni ní tòótọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jùmọ̀ yẹ̀ wò.

Irú sinimá tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí àwọn òṣèré ti ń ṣe eré àròsọ. Èyí tí aṣesinimá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tọ àwọn ènìyàn gidi lọ, níbi tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jìyà, ni mo ní lọ́kàn. John Grierson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, dọkumẹ́ńtárì, nínú ìwé ìròyìn kan ní New York ní ọdún 1926. Nínú àpilẹ̀kọ yìí n óò máa pè é ní sinimá ajẹ́rìí, nítorí pé ẹ̀rí jíjẹ́ ni iṣẹ́ tí ó sọ pé òun wá ṣe.

Ohùn méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí agbára irú sinimá yìí láti tún ìlú ṣe. Àwọn kan gbà pé kò sí ohun tí ó lágbára tó o. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà ọmọnìkejì kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn dáhùn pé ìran lásán ni: a wò ó, a sunkún, a nu ojú wa, a sì lọ jẹun. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ni ó ṣì í, nítorí pé ìhà méjèèjì ni ó ń bèèrè iṣẹ́ adájọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kì í dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ kò ṣeé dá. Ohun tí ó tọ́, nígbà náà, ni pé kí á bi sinimá ní ohun tí a ń bi ẹlẹ́rìí. Ojú ta ni ó rí i? Ẹnu ta ni ó gbà á sọ? Kí ni àwọn adájọ́, èyíinì ni àwa tí a wò ó àti àwọn tí ń ṣe ìjọba, fi ẹ̀rí náà ṣe? Ní ìkẹyìn, kí ni ó kù fún ẹni tí ọ̀ràn náà kàn?

Ojú ta ni ó rí i?

Sinimá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba fún gbogbo ìyókù ni Nanook of the North, tí Robert Flaherty, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1922. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣòwò awọ ẹranko, Revillon Frères, ni ó sanwó rẹ̀. Ìgbésí ayé àwọn Inuit tí ń gbé inú òtútù ní àríwá Kánádà ni ó fi hàn. A rí ọdẹ kan àti ìdílé rẹ̀ bí wọ́n ti ń fi yìnyín kọ́ ilé, bí wọ́n ti ń pẹja, àti bí wọ́n ti ń bá ẹranko ńlá inú òkun jìjàkadì létí omi. Àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù rọ́ lọ wò ó, wọ́n sì fẹ́ràn ọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí a mọ̀ lónìí. Orúkọ ọdẹ náà kì í ṣe Nanook, Allakariallak ni. Obìnrin tí a pè ní aya rẹ̀ kì í ṣe aya rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi ìbọn ṣọdẹ ní àkókò náà, ṣùgbọ́n Flaherty fẹ́ kí wọ́n lo ọ̀kọ̀ bí ti àwọn baba wọn. Ilé yìnyín tí a rí wọn nínú rẹ̀, ìdajì ni wọ́n kọ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé tó fún ẹ̀rọ ayàwòrán. Nígbà tí wọ́n fi giramafóònù han ọdẹ náà, ó ṣe bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì fi eyín dán àwo orin wò, eré ni.

Ǹjẹ́ irọ́ ni gbogbo sinimá náà? Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù náà kì í ṣe eré, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́ tí ọkùnrin náà fi ń gé yìnyín kì í ṣe eré. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo eégún aláré mọ̀ pé bí eégún bá di ère tàbí tí ó di Òyìnbó ní ojú agbo, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé olùwòran àti òṣèré ti jọ mọ àdéhùn tí ó wà láàrin wọn. Ẹ̀bi Flaherty kò sí nínú pé ó ṣe eré. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí olùwòran mọ̀ pé eré ni. Ó mú ìròyìn, ó fi aṣọ àfojúbà wọ̀ ọ́, ó sì rán an lọ sí gbogbo ayé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí. Ní ọdún 1953 ìjọba Kánádà kó àwọn ìdílé Inuit kan kúrò ní Inukjuak, àgbègbè náà gan-an tí Flaherty ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí òpin àríwá, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí ilé wọn, níbi tí oòrùn kì í yọ fún bí oṣù mẹ́ta ní ìgbà òtútù. Wọ́n ní ọdẹ ni wọ́n, wọn óò rí ẹran pa níbẹ̀. Ebi àti òtútù pọ́n wọn lójú gidigidi. Ọdún 2010 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì. N kò sọ pé sinimá ni ó kó wọn lọ. Ìjọba ni ó kó wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ènìyàn tí kò nílò ìbọn, tí kò nílò ilé ìtajà, tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tí sinimá náà fi han ayé, kò sí irú rẹ̀ ní Inukjuak ní ọdún 1922, kò sì sí i ní ọdún 1953. Ẹni tí ó bá gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè fi ọkàn rere ṣe ènìyàn ní ibi.

Ẹnu ta ni ó gbà á sọ?

Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Síbẹ̀, nígbà tí sinimá kọ́kọ́ gba ohùn, ohùn ẹnìkan tí a kò rí ojú rẹ̀ ni ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ohùn ọ̀mọ̀wé ni, ó mọ ohun gbogbo, ó sì ń ṣàlàyé àwọn tálákà fún àwọn tí kì í ṣe tálákà, nígbà tí àwọn tálákà fúnra wọn ń rìn kọjá bí odi.

Ní ọdún 1935 Arthur Elton àti Edgar Anstey gbìyànjú láti yí èyí padà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán àti ẹ̀rọ agbohùn wọ inú ilé àwọn tálákà ní Stepney, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ bí ó ti rí. Housing Problems ni orúkọ sinimá náà. Obìnrin kan sọ bí òun ti bá eku jà nínú ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ògiri tí ó ti sán àti yàrá tí ó fún mọ́ gbogbo ìdílé hàn. Wọn kò kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n dúró gbọnrangandan níwájú ẹ̀rọ, nínú aṣọ tí wọ́n rò pé ó dára jù lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì wọni lára ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Sinimá yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹ̀kúnnù Gẹ̀ẹ́sì sọ tirẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí dé; ta ni ó sanwó ọkọ̀ rẹ̀? Àjọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta gáàsì ìdáná ni ó náwó lé sinimá náà lórí, apá ìkẹyìn rẹ̀ sì jẹ́ ìyìn fún àwọn ilé tuntun tí a fi gáàsì ṣe ìdáná wọn. Òfin tí a óò fi wó àwọn ilé jákujàku ti wà láti ọdún 1930, nítorí náà sinimá náà kọ́ ni ó bí àtúnṣe. Ó fún un ní ojú àti ohùn ni. Ẹ sì kíyè sí i pé nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ìyà, tí ó dé orí ohun tí a óò ṣe sí i, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú ni a gbọ́. A jẹ́ kí ẹni tí ń jìyà sọ ìyà rẹ̀. A kò bi í ní ìmọ̀ràn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ sinimá ajẹ́rìí kò tíì kúrò ní ojú kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ní ilẹ̀ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ńkọ́? Ní Nàìjíríà, William Sellers, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, ti ń lo sinimá láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó kí ó tó di olórí ẹ̀ka sinimá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ní ọdún 1939. Iṣẹ́ rere wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ojú ọmọ Áfíríkà kò lè tẹ̀lé àwòrán tí ó bá ń yí kánkán, nítorí náà ó ní kí a máa fà á lọ́ra, kí a sì mú gbogbo ẹ̀tàn àwòrán kúrò. Èyí ni pé kí ẹlẹ́rìí tó dé rárá, a ti pinnu pé adájọ́ kò gbọ́n.

Ní ọdún 1949, ẹ̀ka sinimá mìíràn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Crown Film Unit, gbé Daybreak in Udi jáde. Àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbò ni ó sọ nípa wọn, bí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ó gba ẹ̀bùn Oscar. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni ó kópa nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wúni lórí gan-an. Síbẹ̀, ọ̀gá Òyìnbó tí ń ṣàkóso àgbègbè náà ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí afọ̀nàhàn nínú ìtàn náà. Ẹni tí ó wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù lè dìde pẹ̀lú èrò pé bí ọ̀gá náà kò bá dé, ilẹ̀ kò ní mọ́ ní Udi. Àwa tí a mọ àáró àti ọ̀wẹ̀, tí a mọ bí ìlú ti ń fi owó àti agbára ara wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́, mọ̀ pé kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́ ọmọ Áfíríkà ní àjùmọ̀ṣe. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ni àwọn adájọ́ fi ẹ̀rí náà ṣe?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ jẹ́ kí á fi sinimá méjì wé ara wọn, méjèèjì láti Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1960, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS fi Harvest of Shame hàn. Edward R. Murrow, ọ̀gbóǹtagí oníròyìn, ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn alágbàṣe tí ń ṣí kiri láti oko dé oko, láti Florida títí lọ sí àríwá, ni ó fi han ayé: bí a ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ bí ẹrù, bí wọ́n ti ń sùn, bí àwọn ọmọ wọn ti ń dá wà. Ọjọ́ tí wọ́n yàn láti fi í hàn ní ìtumọ̀. Ọjọ́ kejì àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ni, nígbà tí oúnjẹ ṣì wà ní ikùn gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ń wò ni ó kórè oúnjẹ náà.

Ariwo ta. Àwọn olóko ńláńlá bínú. Ní ọdún 1962 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó pèsè owó fún ìtọ́jú ìlera irú àwọn alágbàṣe bẹ́ẹ̀, a sì lè gbà pé sinimá náà wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn padà lọ sí Florida, ìyà náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni ohun tí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1961 Murrow ti di olórí ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣe ìpolongo Amẹ́ríkà fún ayé, ó sì bẹ BBC kí wọ́n má ṣe fi sinimá náà han àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. BBC kọ̀, wọ́n fi í hàn. Ẹ̀rí tí ó tọ́ láàrin ilé di ìtìjú nígbà tí ó kan ìta. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó lókìkí fún òtítọ́ bí Murrow, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni The Thin Blue Line, tí Errol Morris ṣe ní ọdún 1988. Ní ọdún 1976 ẹnìkan yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní Dallas. Wọ́n mú Randall Dale Adams, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Ẹ̀rí tí ó bá a jù lọ ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, David Harris, tí òun gan-an wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn. Ní ọdún 1980 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ ikú náà, ó sì di ẹ̀wọ̀n títí ayé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí Morris bá lọ sí Texas; ó fẹ́ ṣe sinimá nípa oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́rìí lòdì sí àwọn tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ ikú wọn. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Adams, ó ka ìwé ẹjọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́.

Morris pẹ̀lú lo òṣèré nínú sinimá rẹ̀. Lójú àwọn kan, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni èyí àti ti Flaherty. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Flaherty ṣe eré láti fi ohun kan ṣoṣo hàn gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Morris ṣe eré ìpànìyàn náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan bí ẹlẹ́rìí kan ti sọ ọ́: ọkọ̀ náà dúró báyìí, rárá, báyìí ni, ẹnìkan ni ó wà nínú rẹ̀, rárá, ẹni méjì ni. Bí a ti ń wò ó ni a ń rí i pé àwọn ẹ̀rí náà kò lè jọ jẹ́ òtítọ́. Eré rẹ̀ kò bo àlàfo mọ́lẹ̀. Ó ń fi àlàfo hàn ni. Ní ìkẹyìn a kò rí àwòrán mọ́, ẹ̀rọ agbohùn kékeré nìkan ni a ń wò, ohùn Harris sì ń jáde nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ni. Ní ọdún 1989 ilé ẹjọ́ Texas fagi lé ẹ̀bi Adams, a sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 12 nínú ẹ̀wọ̀n.

Kí ni ó dé tí sinimá Morris fi dá ẹnìkan nídè, tí ti Murrow kò sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún nídè? Kì í ṣe pé Morris mọ iṣẹ́ ju Murrow lọ. Ìdáhùn mi ni pé adájọ́ Morris ní orúkọ, ó sì ní ilé. Ilé ẹjọ́ kan ni, ẹjọ́ kan ni, ìwé kan ni a óò fọwọ́ sí. Adájọ́ Murrow ni gbogbo ìlú tí ń jẹ oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú. Ta ni nínú wọn tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà? Ẹ̀bi tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé a máa dà bí ẹni pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ méjì tí kò pẹ́ rárá ti èrò yìí lẹ́yìn, wọ́n sì tún fi ibi tí ó dín sí hàn. Ní ilẹ̀ Pakistan, Sharmeen Obaid-Chinoy ṣe A Girl in the River ní ọdún 2015, nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ yìnbọn lù, tí wọ́n sì gbé jù sínú odò nítorí pé ó fẹ́ ẹni tí ó wù ú. Kò kú. Òfin ìgbà náà gbà pé bí ẹbí bá dárí jì, apànìyàn lè lọ ní àlàáfíà, àwọn àgbà àdúgbò sì tì í títí tí ó fi dárí jì wọ́n. Sinimá náà gba Oscar ní oṣù Kejì ọdún 2016. Olórí ìjọba ilẹ̀ náà, Nawaz Sharif, jẹ́ kí a fi í hàn ní ibùjókòó rẹ̀, ó sì ṣèlérí láti tún òfin ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ìdáríjì ẹbí kò ní lè gba irú apànìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n mọ́. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbé gbogbo ògo fún sinimá. Ní oṣù Keje ọdún kan náà ni arákùnrin Qandeel Baloch, obìnrin kan tí ó lókìkí, pa á, tí ìbínú sì gba gbogbo ìlú. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn òfin tuntun náà, ilé ẹjọ́ kan dá arákùnrin yìí sílẹ̀. Òfin ti yí padà, àṣà kò tíì yí padà.

Ní ilé wa níhìn-ín, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ẹ̀ka BBC tí ń jẹ́ Africa Eye gbé Sweet Sweet Codeine jáde. Ruona Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ya àwọn tí ń ta oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà àìtọ́, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti di ẹrú oògùn náà hàn. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọlé àti ṣíṣe rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí sinimá tí mo mẹ́nu kàn níhìn-ín tí ẹ̀rí rẹ̀ yára bẹ́ẹ̀. Ó yára nítorí pé adájọ́ ní orúkọ, nítorí pé ìwé kan ṣoṣo ni ó kù kí ó fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé oògùn. Kò lè wo ẹni tí ó ti di ẹrú oògùn sàn. Ìyẹn ń fẹ́ ilé ìwòsàn, ó ń fẹ́ olùtọ́jú, ó ń fẹ́ ẹbí tí kò ní ta ọmọ wọn nù. Ọdún mélòó kan ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Kí ni ó kù fún ẹni tí ọ̀ràn kàn?

Ìbéèrè yìí ni a kì í sábà bèèrè. Lẹ́yìn tí Adams jáde nínú ẹ̀wọ̀n, òun àti Morris, ẹni tí ó yọ ọ́, di ẹlẹ́jọ́ lórí ta ni ó ni ẹ̀tọ́ sí ìtàn ìgbésí ayé Adams. Wọ́n parí rẹ̀ láìdé iwájú adájọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú Adams pé aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí ìjọba ti gba ọdún 12 lọ́wọ́ rẹ̀ bèèrè pé kí ìtàn ara rẹ̀ padà di tirẹ̀. Ǹjẹ́ èyí pọ̀jù?

Ti Titicut Follies tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1967 Frederick Wiseman fi inú ilé kan hàn ní Bridgewater, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí a ń ti àwọn ọ̀daràn tí orí wọn dàrú mọ́. A rí àwọn aláìsàn ní ìhòòhò, a rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ẹjọ́ fi òfin dè é, wọ́n ní ó tú àwọn aláìsàn sí ìhòòhò ní gbangba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kìkì àwọn oníṣègùn, agbẹjọ́rò àti irú wọn ni ó lè wò ó. Ọdún 1991 ni a tó tú u sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìtìjú ta ni ìjọba ń bò, ti àwọn aláìsàn ni, àbí ti ara rẹ̀? Mo gbà pé ti ara rẹ̀ ni ó pọ̀jù. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí ní ipò tí wọ́n lè fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí aṣesinimá bá fi ìhòòhò ẹnìkan jẹ́rìí fún wa, ó ti jẹ ẹni náà ní gbèsè, bí ẹ̀rí náà tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń bi àwọn aṣesinimá ní gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, kò sí ẹni tí yóò tún ṣe sinimá mọ́, àwọn ìkà yóò sì máa ṣe é lọ láìsí ẹlẹ́rìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀ nítorí kí ó lè sá. A ń bi í nítorí kí ẹ̀rí rẹ̀ lè dúró nígbà tí agbẹjọ́rò ìkà bá dojú kọ ọ́. Sinimá Morris dúró nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ bi í léèrè. Àwòrán Nanook kò dúró, bí ó tilẹ̀ lẹ́wà.

Ní ìparí, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Sinimá ajẹ́rìí ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó wà nínú ẹ̀rọ ọwọ́ gbogbo ọmọ. Bí ẹ bá fi ọ̀kan hàn nínú kíláàsì, ẹ má ṣe tan iná kí ẹ sì lọ nígbà tí ó bá parí. Ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí ẹ bi wọ́n pé: Ta ni ó gbé ẹ̀rọ yìí, ta ni ó sì sanwó rẹ̀? Ta ni a gbọ́ ohùn rẹ̀, ta ni a kàn rí ojú rẹ̀ nìkan? Ta ni ó ní agbára láti tún ohun tí a rí yìí ṣe, kí sì ni a lè kọ sí i? Níbo ni ẹni tí a wò yìí wà lónìí? Bí ọmọ bá lè dáhùn méjì nínú mẹ́rin, ó ti kúrò ní olùwòran. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ tán kí ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí ó dúró, wọ́n á bi í, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá ẹjọ́. Ìdájọ́ náà, tiwa ni.